Ọkọ̀ Bàbá Tí Wọn Ò Gbé fún Mi

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹlòmíì, mò ń fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré yọ bisikíìtì tí ọmọ kan ti tẹ̀ wọ ojú rírán ìjókòó ẹ̀yìn, nígbà tí fóònù mi dún. Níbi iṣẹ́ wa ní Reinickendorf ní Berlin, níbi tí a ti ń fọ ọkọ̀ tí a sì ń dán an, inú ọkọ̀ ni tèmi. Ìjókòó, dáṣíbọ́ọ̀dù, ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí irun ajá máa ń sá pamọ́ sí. Ìta ọkọ̀, níbi tí ọ̀dà wà, àwọn ọkùnrin ló ń ṣe é. Àwọn ló ń gbé máṣíìnì tí wọ́n fi ń dán an. Mo ti bẹ Chef wa, ọ̀gá ibi iṣẹ́, títí. Ohun tó máa ń sọ ni pé ọwọ́ mi dára fún inú, pé kò sí ẹni tó ń tọ́jú awọ ìjókòó bíi tèmi. Ó ń yìn mí, ó sì fi ìyìn náà tì mí mọ́nú ọkọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Hamburg ló fi voice note ránṣẹ́. Ó kéré sí mi, àbúrò ni mo fi ṣe. Èmi ni mo mú un wọ iṣẹ́ yìí nígbà tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Marzahn, ní Berlin níbí. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká tówẹ́ẹ̀lì kí iyanrìn má baà ha ọ̀dà, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìka mọ̀ pé awọ ti gbẹ jù. Kò pẹ́ tó kó lọ Wilhelmsburg ní Hamburg ni wọ́n gbé máṣíìnì lé e lọ́wọ́. Mo ní mo bá a yọ̀ nígbà yẹn. Ẹnu mi bá a yọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi yọ̀ o! Bàbá ti gbé ọkọ̀ wọn fún mi! Èmi ni mo máa sọ ọ́ di tuntun. Tó bá ti parí, a máa ṣe ìdúpẹ́ rẹ̀ ní Sunday. Ẹ gbọ́dọ̀ wá, kí ẹ mú ọmọ wa dání!"

Bàbá ni olórí ìjọ Aládùúrà wa ní Hamburg. Ọkọ̀ yẹn, aláwọ̀ aró, ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ni wọ́n ti rà á. Ó wà ní gáréèjì wọn, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn tí wọ́n gbàgbé. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ sí Hamburg ni mo máa ń lọ dúró tì í. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe ọkọ̀ yìí lọ́jọ́ kan." Wọ́n á rẹ́rìn-ín: "Ó ń bọ̀, ọmọ mi, ó ń bọ̀." Mo ti fi ojú inú dán ọkọ̀ náà tán. Àwòrán rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé síwájú Chef wa, kí n ní: ẹ wò ó, iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, ẹ fún mi ní máṣíìnì.

Mo tún voice note náà gbọ́. Mo kọ "Ògo ni fún Ọlọ́run" ránṣẹ́ padà, mo fi àwòrán obìnrin tó ń jó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo ha bisikíìtì yẹn débi pé òwú ìjókòó ẹni ẹlẹ́ni fẹ́ já.

Nígbà tí ọjọ́ ìdúpẹ́ pé, èmi àti ọmọbìnrin mi wọkọ̀ ojú irin lọ. Àwa méjèèjì nìkan la jọ ń gbé, ibi tí mo bá ń lọ ló ń lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà nínú ilé ìkẹ́rù àtijọ́ kan ní Wilhelmsburg. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa jáde sí àgbàlá nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, lórí òkúta tútù. Ọkọ̀ náà wà láàárín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo ti ń retí àbùkù. Ẹni tí kò bá mọ máṣíìnì lò, ó máa ń fi àmì róbótó róbótó sílẹ̀ lára ọ̀dà, bí òwú aláǹtakùn, iná ló ń tú u fó. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé mò ń tún etí sùtánà ọmọ mi ṣe, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo tan án sí eteetí bọ́nẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọwọ́ ti máa ń yẹ̀. Ojú mi ni mo rí níbẹ̀, ó dì. Mo yọjú wo inú. Igi tó wà lára dáṣíbọ́ọ̀dù ti jí padà. Awọ ìjókòó rọ̀, kò sì yọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ. Inú mi korò. Ká ní ó bà á jẹ́ ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa tù ú nínú.

"Àǹtí mi, báwo lẹ ṣe rí i?"

"Ó dáa."

"Ó dáa lásán?"

"Ṣé kí n máa yí nílẹ̀ ni? Mo ní ó dáa."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fara tì mí. "Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Versiegelung sí i." Oje kan nìyẹn tí à ń fi bo ọ̀dà, tó bá gbẹ tán ó le bíi gíláàsì. Ṣùgbọ́n tí omi tàbí òróró bá kàn án kó tó gbẹ, àmì rẹ̀ á wọnú rẹ̀ lọ, àfi kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ha kúrò. Ó ti ro ti òjò, ó ti ro ti ìgbẹ́ ẹyẹ, ó ti yá àtíbàbà tí wọ́n ta lé e lórí mọ́jú.

Wòlíì ìjọ náà bá jáde. Ìgò òróró wà lọ́wọ́ ọ̀tún, abọ́ omi àdúrà wà lọ́wọ́ òsì.

Láti kékeré la ti mọ àṣà yìí. Kò sí ohun tuntun tí wọn kì í ta òróró sí: kọ́kọ́rọ́ ilé, ọmọ ìkókó, ìwé àṣẹ ìgbélùú. Ti ọkọ̀, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni, ní àmì àgbélébùú, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀rẹ́ mi tó ro ti ẹyẹ kò ro ti wòlíì.

Mo rí i tí ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ta ni yóò dá wòlíì dúró nígbà tó ti ń gbàdúrà bọ̀? Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo fi ojú inú rí àgbélébùú òróró yẹn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo rí i tó di àbàwọ́n, ó sì dùn lọ́kàn mi fún ìṣẹ́jú kan. Àmọ́ ọ̀dà yẹn ń wò mí. N kò lè jẹ́ kí wọ́n ba irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀ jẹ́ lójú mi. Ọ̀rẹ́ mi kọ́ ni mo ṣe é fún, ọ̀dà ni.

Mo kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀. "Wòlíì, ẹ forí jì mí, sà. Ara rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹ má fi nǹkan kan kàn án."

"Èwo ni kò gbẹ? Òróró Olúwa ni yóò ba ọkọ̀ jẹ́?"

Ìyá àgbà kan lẹ́yìn pariwo pé, "Ṣé ọkọ̀ ti di ọmọ tuntun tí wọn ò jẹ́ ká gbé ni?" Gbogbo àgbàlá rẹ́rìn-ín.

"Rárá, sà. Ọkọ̀ kì í wa ara rẹ̀. Orí Bàbá tó ń wà á ni kí ẹ ta á sí. Kí ẹ wá bu omi sí àwọn táyà, àwọn ló ń rìn."

Wòlíì yí ìgò òróró sí ọ̀dọ̀ Bàbá. Bàbá ti ṣí fìlà. "Ó bọ́gbọ́n mu," ni wọ́n wí, wọ́n tẹ orí ba. Òróró ṣàn dé etí wọn, wọ́n sì na ọwọ́ tí wọ́n fi nù ún sí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tààrà.

"Bàbá! Ọwọ́ yín!" Èmi àti ọ̀rẹ́ mi jọ kígbe ni.

Lẹ́yìn ẹ̀rín, Bàbá gbá ọ̀rẹ́ mi léjìká. "O ṣeun, ọmọ mi. Àní o ti kọ́ àǹtí rẹ níṣẹ́ yìí náà!"

"Àwọn ni wọ́n kọ́ mi, sà," ni ó dáhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti dá orin, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ àfi èmi.

Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Chef rẹ̀ ń wá ẹlòmíì tí yóò máa dán ọ̀dà, ọ̀rẹ́ mi sì ti sọ̀rọ̀ mi fún un. Kì í ṣe inú ọkọ̀ o, ìta ni. Ó wá ń fi ẹsẹ̀ ya ilẹ̀. "Nǹkan kan ló kù, Àǹtí. Èmi ni wọ́n fi ṣe olórí. Abẹ́ mi lẹ máa wà. Ẹ má bínú."

"Màá rò ó," ni mo wí.

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé wa padà sí Berlin, ọmọ mi gbórí lé itan mi, ó gbójú sókè, ó fi èdè Jámánì bi mí bóyá mò ń bínú sí àǹtí rẹ̀. "Mama, bist du böse auf Tante?"

"Rárá. Mo ń jowú ẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì ń dùn mí. N ò fẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ o. Mo fẹ́ tèmi."

Ó tún bi mí bóyá a máa wá kó lọ Hamburg. "Ziehen wir jetzt nach Hamburg?"

"Mo ti rò ó: a máa kó lọ. Ibẹ̀ lo ti máa bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé."

"Und Tante ist dann deine Chefin?"

"Òun ni yóò di ọ̀gá mi. Láàárọ̀ ọjọ́ míì, ó ṣeé ṣe kí n máa mu tíì kí n má sọ̀rọ̀ rárá. Tí o bá rí mi bẹ́ẹ̀, wá jókòó tì mí. Ìwọ kọ́ lo ṣẹ̀ mí."