Kọ́bọ́ọ̀dù Onígíláàsì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbí ní Ìlọrin. Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta, ó ṣì ń dùn mí bí àná. Tí mo bá pariwo láàárín rẹ̀, ẹ forí jì mí o, ara mi ló ń gbóná!

Wẹ́dà ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí ọjà kékeré àdúgbò wa, kò jìnnà sí ọjà ńlá Ipata. Sulu, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kérò ló ń wà. Ẹsẹ̀ Sulu ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, èyí tó fi ń tẹ bíréèkì.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn méjì kan ń jà lọ́jà. Àwọn ọlọ́pàá àgọ́ tó wà lẹ́yìn ọjà wá là wọ́n, wọ́n bá yìnbọn sókè. Ọta yẹn já bọ̀, ó lu páànù orí ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà já, ó wọnú àpò ẹ̀wà tí ìyá náà fẹ̀yìn tì! Díẹ̀ báyìí ló kù ká sin èèyàn nítorí ìjà tí kò kàn án. Gbogbo ọjà bá ní ó tó gẹ́ẹ́.

Ọ̀gá àgọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi ni. Kírísítẹ́nì ni, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, èmi sì jẹ́ mùsùlùmí, ìyẹn ò dí wa lọ́wọ́. Tí iléyá bá dé, ẹran tirẹ̀ ti wà lọ́tọ̀. Tí Kérésì bá dé, ìrẹsì ilé rẹ̀ ni àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ máa ń béèrè. Bàbá Ràmọ́tà ló ń pè mí, Ọ̀gá lèmi náà ń pè é. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, torí pé ojú ṣì ń tì mí nítorí rẹ̀ ju bó ṣe ń ti òun fúnra rẹ̀ lọ.

Nígbà tí a lọ bá a, ó ní ẹjọ́ àwọn ọmọ òun kọ́. Ó ní ìbọn nìkan ni wọ́n kó fún àwọn. Bí èèyàn bá sọ òkúta sí wọn, kí ni wọ́n fẹ́ gbé? Ó ní bí ọjà bá lè ra irinṣẹ́ tí kì í pààyàn fún àwọn, ìbọn ò ní wọ ọjà wa mọ́ nítorí ìjà ẹ̀ṣẹ́ lásán. Ó fi Bíbélì búra! Èmi kọ́ ni mo ní kó búra o.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Èmi ni mo ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tí mò ń bẹ àwọn èèyàn pé ká dáwó. Sulu fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. “Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń ra kóńdó fún ọlọ́pàá? Orí ta lẹ fẹ́ kí wọ́n fi lù?” Ó rẹ́rìn-ín tán, ó sì dá tirẹ̀.

Nǹkan ọ̀hún dé. Asà dé, kóńdó dé, agolo ata tí wọ́n ń fín sójú ẹni tó ń jà dé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá èrò sọ̀rọ̀ láti òkèèrè náà dé. Kámẹ́rà kéékèèké tún wà níbẹ̀ tí ọlọ́pàá ń gbé kọ́ àyà, tó ń ká gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Mo ní èmi ni màá ṣe kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n máa kó o sí, lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí Ọlọ́run. Ọ̀gá ní kí n fi gíláàsì síwájú rẹ̀. Mo fi sí i. Mo tún fi àgádágodo tó nípọn sí i kí olè má baà jí i. Iṣẹ́ náà dára débi pé mo gbé fọ́tò rẹ̀ sí status mi!

Ẹ dúró ná. Òòlù tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ṣé inú gíláàsì ló ń gbé? Ìṣó ara ògiri ni mo fi kọ́, níbi tí ọwọ́ mi ti lè tó o. Kí ló dé tí mi ò bi Ọ̀gá pé kí ni gíláàsì fẹ́ ṣe? Àwa náà la mọ ara wa. Ohun tí wọ́n bá ta kánópì, tí wọ́n ṣàdúà sí kí wọ́n tó fún wa, a kì í lò ó, àlejò là ń gbé e kalẹ̀ dè. Àwo tí wọ́n fi ta ìyàwó mi lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó wa, a ò tíì jẹun nínú rẹ̀ rí. Ó yẹ kí n mọ̀!

Lọ́jọ́ tí a kó nǹkan náà lé wọn lọ́wọ́, àáfà ṣàdúà, pásítọ̀ náà gbàdúrà. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórúkọ ọjà. Mo ní ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ o, ẹ má jẹ́ kó bàjẹ́. Ọ̀gá mi orí, ó ní òun gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́.

Ó di àárọ̀ Ọjọ́rú kan. Lọ́rì iṣu méjì dé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn alábàárù bẹ̀rẹ̀ sí í jà sí èyí tí wọ́n máa kọ́kọ́ já. Sulu pa kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bọ́ sáàárín wọn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ó ń bi wọ́n bóyá iṣu ló bí wọn ni. Èmi ń wò ó láti ṣọ́ọ̀bù, mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́pàá méjì dé. Kò sí asà, kò sí kóńdó, ìbọn ló wà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan yìn ín sílẹ̀ láti fi dẹ́rù bà wọ́n. Ọta ba kọnkéré, ó ta padà, ó wọ orúnkún àbúrò mi.

Sùbúhànallọ́! Igbe tí Sulu ké lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ la fi gbé e lọ sí ọsibítù.

Nígbà tí dókítà gbà á wọlé, mo gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Mo ní níbo làwọn nǹkan wa wà? Ọlọ́pàá kékeré tó wà níbẹ̀ nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù mi. Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú gíláàsì, wọn ò tíì tú láílọ́ọ̀nù ara rẹ̀! Ó ní ọwọ́ Ọ̀gá ni kọ́kọ́rọ́ wà, Ọ̀gá sì ti lọ sí GRA láti àárọ̀. Ó ní ìgbà tí àwọn ọ̀gá ńlá bá ń bọ̀ nìkan làwọn ń ṣí i, láti nu eruku. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Ọ̀gá wá sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọsàn dání. Mo bi í léèrè ìdí tí wọ́n fi ti nǹkan náà pa. Ó ní, “Bàbá Ràmọ́tà, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má jẹ́ kó bàjẹ́.” 

Ìyẹn gan-an kéré. Ẹ mọ ohun tó kọ sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ní àgọ́? Ó kọ ọ́ pé Sulu gbé irin, ó ń bọ̀ wá lu àwọn ọmọ òun! Sulu tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo! Sulu tó fi kẹ̀kẹ́ gbé ìyàwó Ọ̀gá yìí kan náà lọ bímọ nínú òjò! Mo ní kí wọ́n wo kámẹ́rà. Kámẹ́rà wo? Èyí tó wà nínú láílọ́ọ̀nù? Ọ̀gá ò wò mí lójú. Ó ní òun mọ Sulu dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ òun lòun gbọ́dọ̀ bò. Wàllàhí, mo sunkún lójú rẹ̀, ọkùnrin bí mo ṣe rí yìí. Ẹni tí mo fẹ̀yìn tì ló yẹ̀ yẹn.

Àwọn àgbà ọjà ò gbà. Wọ́n tẹ̀ lé mi lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀, àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn jẹ́rìí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi yí ìwé náà padà. Àwọn ọ̀gá náà ní kí wọ́n kó irinṣẹ́ síta, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọlọ́pàá náà bí wọ́n ṣe ń lò ó. Mo ní kò sẹ́ni tó máa ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn bí kò ṣe èmi. Mo gbé ẹ̀rọ mi lọ, mo gé ilẹ̀kùn rẹ̀ kúrò pátápátá. Ọ̀gá dúró níbẹ̀, mi ò kí i.

Mo gbé ilẹ̀kùn náà wálé. Dókítà ní Sulu ò ní lè ká orúnkún yẹn kò mọ́. Irin ilẹ̀kùn yẹn ni mo gé, tí mo fi jó ọ̀pá ìtilẹ̀ fún un. Ó gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ ṣeun. Ẹ má fi gíláàsì sí èyí o.”

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rè é: ẹ má kàn dáwó ra nǹkan, kí ẹ wá máa yọ̀. Ẹ béèrè ta ló ń lò ó, ta ló kọ́ ọ, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín ju bí ẹ ṣe máa béèrè lọ́wọ́ àjèjì lọ.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò tiyín? Kí lẹ fún wọn tí wọ́n gbé pamọ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má fi pamọ́. Sulu ni yóò máa kà á sí mi létí bí mo ṣe ń jó irin. Inú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́ báyìí, níjókòó èrò.