Afárá Tí Mo Yà Fún Àwọn Tí Kò Nílò Rẹ̀

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí bàbá kan tó gbé kẹ̀kẹ́ ológeere lé orí, tí omi odò mù ún dé ìbàdí, tó ń rọra fi ẹsẹ̀ wá àpáta lábẹ́ omi bí ẹni tó ń táràrà nínú òkùnkùn. Èmi dúró sí etí odò, mo dé akoto funfun, mo wọ bàtà òjò tuntun tí ẹrẹ̀ kò tíì kàn. Ẹnjiníà ni mí, ọdún kejì tí mo dé Àbújá nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tó gbà mí ló rán mi pé kí n lọ wá ibi tó yẹ ká kọ́ afárá kan sí, afárá tí mọ́tò kò ní í gbà, tó jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan. Mo rò pé gbogbo ayé ló ń wo akoto orí mi. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ibi tí kálukú máa gbé ẹsẹ̀ lé ló ń wò.

Ẹ̀yìn àwọn ẹ̀sítéètì Lokogoma ni odò náà wà. Ní òdìkejì rẹ̀ ni abúlé kan wà, níbi tí àwọn tó ń fọṣọ, tó ń dáná, tó ń ṣọ́ géètì fún àwọn ará ẹ̀sítéètì ń gbé. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gba orí àpáta kọjá wá síbi iṣẹ́. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ yẹn, ológbà ni, òdòdó àwọn ọlọ́lá ló ń tọ́jú. Nígbà tó gúnlẹ̀ sí etí odò, tó gbọ́ pé ọmọ Kàbbà bíi tirẹ̀ ni mí, ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wa.

"Ọ̀kun o, ọmọ ilé! Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n fẹ́ kọ́ afárá fún wa?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Ibí yìí gan-an?"

"Ibi tí ẹ dúró sí yìí gan-an. Ẹ ṣáà mú sùúrù díẹ̀."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, tí mò ń kọ bí àwọn èèyàn ṣe ń kọjá sílẹ̀. Bàbá ló fi ibi tí àpáta ti le hàn mí, òun ló fọwọ́ kan ara igi láti fi ibi tí omi máa ń gùn dé nígbà òjò hàn mí. Gbogbo ohun tó sọ ni mo fi ya àwòrán náà. Mi ò tíì ya ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ń fẹsẹ̀ fò lọ sí ọ́fíìsì bí ẹni tó fẹ́ tún Àbújá dá.

Àwọn àgbààgbà ẹ̀sítéètì wá pe ọ̀gá mi sí ìpàdé nínú gbọ̀ngán wọn. Mo gbé àwòrán dání. Alága wọn kò tilẹ̀ tú u wò.

Ó ní, "Afárá dára o. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ́ ọ síbẹ̀ yẹn, gbogbo olè abúlé yẹn ni yóò máa wọlé tọ̀ wá wá."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ará abúlé yẹn náà ni kọ́kọ́rọ́ ilé yín wà lọ́wọ́ wọn."

Ọ̀gá mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Wọ́n fẹnu kò pé kí afárá gòkè odò lọ, jìnnà sí ibi àpáta, sí ọ̀kánkán ibi tí àwọn ará ẹ̀sítéètì ti ń sáré ìdárayá nírọ̀lẹ́, kí a gbin òdòdó sí i, kí a ṣe ìjókòó sí i. Wọn kò pe ará abúlé kankan. Ẹnì kan ṣoṣo tó ti abúlé wá nínú gbọ̀ngán ọjọ́ náà ni obìnrin tó ń gbé omi tútù fún wa.

Nínú ọkọ̀, ọ̀gá mi ní, "Ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Lọ tún un yà."

Mo tún un yà. Mo fọwọ́ sí i. Ó rọrùn láti di gbogbo rẹ̀ lé ọ̀gá lórí, ṣùgbọ́n orúkọ tèmi ló wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Mo ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì tan ara mi pé ibi yòówù kí afárá wà, afárá ni. Òmùgọ̀ ni mí.

Nígbà òjò tó tẹ̀lé e, bí wọ́n ti ń mọ òpó lókè odò lọ́hùn-ún, omi gbá bàbá ológbà lórí àpáta. Ẹ̀ka igi kan ló dì mú tí kò fi bá omi lọ. Kẹ̀kẹ́ lọ, itan rẹ̀ sì kán. Mo ra ọsàn, mo lọ kí i. Ó wò mí títí.

"Wọ́n ní ìwọ lo yà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"O mọ ibi tí àpáta wà. Èmi ni mo fi hàn ọ́."

Ó kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì dá ọsàn náà padà fún mi.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ọ̀dọ́ abúlé na òpó iná méjì lé odò, wọ́n kan pákó sí i, wọ́n sì ń gbà á kọjá. Kò pẹ́ rárá tí fáìlì fi dé orí tábìlì mi: kí n kọ̀wé pé kí wọ́n wó o, nítorí àwọn ọ̀dọ́ náà kò gba ìwé àṣẹ. Mo gbé fáìlì náà lọ bá ọ̀gá.

"Mi ò ní í kọ ọ́, sà."

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ni, sà."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti gbé mi lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì àtijọ́ sí. Ẹlòmíràn kọ ìwé náà. Wọ́n wó afárá pákó, àwọn ará abúlé tún un kàn. Wọ́n tún wó o, wọ́n tún tún un kàn. Kí n tó ní ìgboyà láti padà lọ bẹ bàbá, ó ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Kàbbà.

Lónìí, afárá tí mo yà dúró digbí, òdòdó rẹ̀ ń tàn. Àwọn àgbà ní ọjọ́ tó bá ti pẹ́, ìbínú a máa rọ̀. Tèmi kò rọ̀, mi ò sì bẹ̀ ẹ́ pé kó rọ̀. Mo ti rí i pé àwọn tí ẹsẹ̀ wọn gbẹ ló máa ń wàásù sùúrù fún àwọn tó wà nínú omi.

Láìpẹ́ yìí ni mo mú ọmọ mi obìnrin lọ síbi afárá náà. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n èdè òyìnbó ló fi ń dáni lóhùn. Ó yìn ín, ó ní ó rẹwà, ó bi mí bóyá èmi ni mo yà á lóòótọ́. Mo ní èmi ni. Mo dì í lọ́wọ́ mú, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sí ibi àpáta. Oòrùn mú. A rìn, a rìn. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, ó ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ jókòó.

Mo wo ọ̀nà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ìjókòó kankan kò sí níbẹ̀.