Apá Kejì Sinimá Àǹtí Mi

Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń wo apá kejì fíìmù abanilẹ́rù kan. N ò tiẹ̀ mira, àfìgbà tí òórùn àdí àgbọn irun wọn gbé mi padà sí ilé wa ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, n'Ìbàdàn, tí ara mi ò balẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà èwe mi, Àǹtí mi ń dirun fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń sọ apá kejì sinimá òkú tó jí dìde. Ní apá kìíní, ìlú òyìnbó lòkú ọ̀hún wà. Ẹ̀rín ló pa mí.

"Ó ti dé Ìbàdàn," ni Àǹtí wí. "Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ló wà."

Mo wo ilẹ̀ tí mo jókòó lé. Ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá wa àgbà sí.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n dìde!"

"Jókòó jẹ́ẹ́! Ó ti ń fi èékánná họ ilẹ̀."

Mo gbọ́ ìró èékánná náà lẹ́yìn mi. Ààbọ̀ irun ni mo gbé sá jáde.

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé apá kìíní nìkan ni Àǹtí rí wò láyé rẹ̀, àti pé òòyà ọwọ́ rẹ̀ ló fi họ ilẹ̀.

Òkú inú fíìmù àwọn ọmọ yìí ò mọ ọ̀nà ilé wa.