Ìbọn Tuntun Tí Ọta Rẹ̀ Kò Sí Lọ́jà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má wo bí mo ṣe ń kọ̀wé o. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò sì mọ ọ̀rọ̀ tò. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tó ń dùn mí títí di òní, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín.

Ṣọ́ọ̀bù àbúrò bàbá mi ní Oǹdó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìwé àṣẹ láti ta ìbọn àti ọta fún àwọn ọdẹ. Èmi ni mo máa ń wọkọ̀ lọ kó ọta wá láti Àkúrẹ́.

Lọ́dún tí nǹkan le yẹn, Bàbá Adéọlá wá láti Bọ́lọ́rundúró. Ọ̀bọ ń jẹ kòkó rẹ̀ run, kòkó yẹn ló sì fẹ́ fi dá àbíkẹ́yìn rẹ̀ padà sí ilé ìwé. Ó fẹ́ fi ìbọn àtijọ́ rẹ̀ ṣe pààrọ̀ ìbọn tó ń fúnra rẹ̀ kì ọta. Méjì la ní. Ọ̀kan ń lo katiríìjì oníke tí gbogbo ọdẹ ń lò, èkejì ń lo ọta tín-ínrín tó ń lọ jìnnà.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tẹ̀lé e wá, ẹni tó ti ṣe sójà rí. Ẹ ò rí i bó ṣe gbé èkejì yẹn sókè!

"Bàbá Adéọlá, gbé eléyìí! Ọ̀bọ á ti kú kó tó mọ̀ pé o wà lóko. Èyí tó o gbé wá yẹn, ariwo ló ń pa, kì í pa ẹran."

Mo mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Páálí méjì péré ló kù nínú ọta tín-ínrín yẹn. Ẹni tó ń tà á fún wa ní Àkúrẹ́ sì ti sọ fún mi pé kò sí òmíràn tó ń bọ̀. N kò tíì sọ fún àbúrò bàbá mi. Mo la ẹnu láti sọ ọ́.

"Ọmọ mi, bá wa bu omi tútù wá," ni Sójà wí.

Mo lọ bu omi. Kí n tó dé, Bàbá Adéọlá àti àbúrò bàbá mi ti fọwọ́ sí ìwé lórí ìbọn èkejì yẹn.

Kò pé oṣù kan, ọta tán. Bàbá Adéọlá wá sọ́dọ̀ wa, kò sí. Ó lọ Àkúrẹ́, kò sí. Ní Ìgbàrà-Òkè, katiríìjì oníke kún ọwọ́ àwọn ọdẹ, ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ fi ṣe? Kò wọ ẹnu ìbọn tirẹ̀! Ìbọn àtijọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹlòmíràn ti rà á.

Nígbà tó tún padà wá, ó ní àwọn ọ̀bọ ti mọ òun báyìí, wọ́n á máa wo òun, wọ́n á máa jẹ kòkó lọ, ó kù díẹ̀ kí wọ́n kí òun kú iṣẹ́. Àbúrò bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá Adéọlá pé mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọta náà kò ní sí mọ́.

Bàbá bi mí pé: "Fúnmi, o mọ̀, o sì lọ bu omi?"

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn! Ọmọ rẹ̀ kò padà sí ilé ìwé lọ́dún yẹn.

Kí ni ìwúlò ìbọn tó ń lọ jìnnà, tí èèyàn ò bá rí ọta rẹ̀ rà nítòsí? Èyí tí ọta rẹ̀ wà lọ́wọ́ aládùúgbò ló dára jù. Ìtìjú mi náà ńkọ́? Kéèyàn máa wo àgbà títí yóò fi jìn sí kòtò, ìyẹn kọ́ ni ọ̀wọ̀. Ṣé ó ti ṣe yín rí, kí ẹ mọ̀, kí ẹ sì dákẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín fún mi.

Lọ́jọ́ kejì tí mo jẹ́wọ́ fún Bàbá, mo tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo gé páálí kan, mo kọ àwọn ọta tí a ní àti èyí tí kò sí mọ́ sí i, mo sì so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ mo kọ ọ́ pé: "Kí ẹ tó mú ìbọn, ẹ bi Fúnmi."