Bíréèkì tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Pààrọ̀

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi wa lọ́rì láti Ọ̀fà dé Kánò. Látìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, kò sí mọ́tò tí wọ́n jókòó sí tí ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kì í tẹ ilẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì. Nínú ọkọ̀ tèmi, ẹsẹ̀ náà kì í sinmi rárá, ó sì máa ń bí mi nínú gan-an.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro bí mo bá ti tẹ bíréèkì. Páàdì bíréèkì iwájú ti jẹ tán. Agogo mọ́kànlá la sì gbọ́dọ̀ dé Òjòkú fún súnà ọmọ tí àbúrò mi bí, Bàbá ló máa pe orúkọ rẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn mẹkáníìkì ń ṣe ìpàdé. Ẹni tó bá fọwọ́ kan sípánà kí ìpàdé tó parí, á san ìtanràn.

Mo ra páàdì tuntun, mo so ìró mi le, mo fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè nínú àgbàlá. Bàbá ń wò mí láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Bó o bá fọwọ́ kàn án, kẹ̀kẹ́ ni mo máa wọ̀ lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe é tán ná."

Mo ti wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù títí ojú fi ń ro mí. Páàdì àtijọ́ jáde wẹ́rẹ́, àmọ́ irin tó máa ń ti páàdì kọ̀, kò padà sínú ihò rẹ̀ kí tuntun lè ráyè. Mo fi ìbínú tì í, kò mira. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: mo mí kanlẹ̀, mo rọra fi páàdì àtijọ́ tì í, ó wọlé jẹ́ẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kejì ò tiẹ̀ gbà mí lásìkò.

Mo mọ ohun tí Bàbá ń dúró dè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọn kì í gbéra láàárọ̀ láìkọ́kọ́ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá pààrọ̀ páàdì tí kò ṣe bẹ́ẹ̀, ara ògiri ló máa dúró sí. Mo jókòó, mo ṣe Bìsìmíláì, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi lọ sílẹ̀ pátápátá. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó gbéra díẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí mo máa gbójú sókè, Bàbá ti lọ mú fìlà wọn.

Lọ́nà Òjòkú, ewúrẹ́ kan já sójú títì lójijì. Mo tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dúró ṣinṣin. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín sí ewúrẹ́. Mo yára wo ẹsẹ̀ Bàbá. Wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, wọ́n ń wo ewúrẹ́ náà bó ṣe ń kọjá.