Pẹ́dà Kẹ̀kẹ́ Tó Gbé Apá Bàbá Mi

Wọ́n wá ní mo yájú sí àgbà! Rọpárọsẹ̀ ló mú bàbá mi lápá ọ̀tún. Èmi àti bùọ̀dá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe l'Ẹ́rúnmu la kan pẹ́dà mọ́ tábìlì: ọwọ́ òsì bàbá á máa wà á, ọ̀tún tí mo fi aṣọ dì mọ́ pẹ́dà kejì á máa tẹ̀ lé e.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, aládùúrà tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, dé. "Tú u sílẹ̀, ìkà ọmọ!" Mo tú u. Wọ́n na ọsàn sí bàbá. "Fi òsì gbà á, mo gbà fún ẹ."

Bàbá kọ̀! Wọn ò fòsì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rí. Ni ọ̀tún bá ń gbọ̀n, ó gbéra, ó mú ọsàn.

Màmá bẹ́ sí ijó: "Àdúrà mi ti gbà!"

Mo ní, "Màmá, ṣé àdúrà yín ló ń wa kẹ̀kẹ́ láti oṣù mẹ́ta?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ̀yin ì bá dákẹ́?