Orúkọ Tí Kò Sí Lára Òkúta

Bí ẹ bá gba ọ̀nà oko yẹn kọjá láàárọ̀, ẹ máa bá Ìyá Jẹ́jẹ́ tó ń gbálẹ̀ níwájú òkúta ìrántí. Kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́ o. Kàǹga ni ọkọ ẹ̀, agbẹ́kàǹga, ń gbẹ́ sínú oko wọn tó fi kan egungun àwọn ará ìgbàanì. Kíá, ariwo ta. Àwọn olùwádìí dé láti ìlú ńlá, wọ́n ta okùn yí oko ká.

Tọkọtaya yìí sì ti sin ọmọ jòjòló kan sí ìdí igi tó wà nínú oko náà, nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyá ọmọ. Ni bàbá bá fòfin lélẹ̀: "A ò ní dárúkọ ẹ̀ mọ́ nínú ilé yìí." Wọn ò sì dárúkọ ẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá àwọn olùwádìí ò kúkú ṣàìbéèrè. Obìnrin ọmọlúàbí ni. "Bàbá, Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ sin èèyàn yín kankan síbí rí?"

Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wo ọkọ. Ọkùnrin náà ń bẹ̀rù kí ẹkún àtijọ́ má tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ń dúró kí ẹni tó fòfin lélẹ̀ tú u. Háà, ẹ gbà mí! Agbẹ́kàǹga tó máa ń pa gbogbo abúlé lẹ́rìn-ín, ló wolẹ̀. Ó ní, "Rárá o, ọmọ mi."

Ìyá Jẹ́jẹ́ ti ara ẹ̀ mọ́lé. Kó tó ṣọkàn akin dé ìdí igi, ihò ló bá. Ọkọ̀ àwọn olùwádìí ti kó gbogbo àpótí egungun lọ.

Tọkọtaya náà tẹ̀ lé e dé ìlú ńlá, wọ́n jẹ́wọ́ pé ọmọ àwọn wà níbẹ̀. Ọ̀gá náà ṣí àpótí hàn wọ́n, omi lé ròrò lójú ẹ̀. Egungun ọmọdé pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti fọ́, wọ́n ti dàpọ̀. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Mi ò lè sọ pé èyí ni." Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n padà sílé.

Nígbà tó ṣe, àwọn olùwádìí dá àwọn egungun náà padà sínú oko, wọ́n sin wọ́n, wọ́n sì gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú òkúta, wọ́n ka ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ sókè: "Àwọn tí a ò mọ orúkọ wọn ló sùn síbí." Wọ́n pe agbẹ́kàǹga síwájú, wọ́n ní kó bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀. Ó lanu, ó pe orúkọ ọmọ náà sókè.

Àwọn àlejò rò pé orúkọ ara ẹ̀ ló ń sọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láàárín àtẹ́wọ́ yẹn, Ìyá Jẹ́jẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.